Wọ́n Ní Màmá Mi Ń Fẹsẹ̀ Rìn

Ẹ̀yin ará wa, asalamu alaikum o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Leeds níbí náà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, òtútù ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ilé ni tòní.

Ìyá mi ló pè mí. Pàkàtà ni wọ́n ń gbé, ní Ìlọrin. A kí ara wa tán, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì ń rìn lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀. Wọ́n dákẹ́. Ìyá mi kì í dákẹ́ o! Wọ́n wá ní, "Àkànbí, mo ti dá a dúró. Wọ́n ní mò ń dójú tì ẹ́."

Ta ni wọ́n?

"Àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ní ọmọ mi wà lókè òkun, èmi ń fẹsẹ̀ rìn kiri bí ẹni tí ò rówó wọ kẹ̀kẹ́."

Kàì! Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tí dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún pé kó máa rìn, yẹ̀yẹ́ lásán ló wá dá a dúró. Orúkọ mi ni wọ́n sì fi ṣe é. Èmi tí mò ń rìn lọ síṣẹ́ níbí lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé ṣé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ mi! Wàláì, ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹ mọ bí owó oògùn ṣe rí nílé, mi ò ní kà á fún yín. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọdún 60, ọ̀fẹ́ ni oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ní Ìlọrin, kẹ́míìsì lò ń lọ, ìwọ àti àpò ẹ ni. Ẹni tó ń ti àpò ara rẹ̀ sanwó ló yẹ kó máa rìn jù, òun gan-an la wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan níbẹ̀ yẹn. "Àwọn ìyá wa ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdárayá wo lẹ tún fẹ́?" Hẹn-ẹn! Iṣẹ́ wo? Ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ló mú un làágùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Ní 1953, dókítà kan ní London, Jerry Morris, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Dírẹ́bà jókòó, kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò. Àrùn ọkàn wá wọ́pọ̀ lára dírẹ́bà ju kọ́ńdọ́ lọ. Kọ́ńdọ́ o! Àwọn tá à ń bú ní Challenge nílé!

"Ti òyìnbó nìyẹn." Ó dáa. Ẹ wá sí Amẹ́ríkà, ìwádìí kan jáde ní 2002: ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, dúdú wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga, àmọ́ kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, wọ́n tún oúnjẹ wọn ṣe, wọ́n sì fọn díẹ̀. Àtọ̀gbẹ fi 58% dín kù láàárín wọn. Àwọn tó lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ? 31%. Lára àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n ti pé ọdún 60, ó fi 71% dín kù. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kódà bí insulin, ohun tó ń darí ṣúgà nínú ara, ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

"Ká wá da oògùn nù?" Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má ki ọ̀rọ̀ bọ̀ mí lẹ́nu! Ìyá mi ń lo oògùn wọn. Ẹni tó bá já oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ torí pé ó ń rìn, rọpárọsẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pè.

WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ṣírò ẹ̀: láti 2020 sí 2030, tí nǹkan ò bá yí padà, ó máa sún mọ́ mílíọ̀nù 500 èèyàn tí àìṣeré ìdárayá máa kó irú àìsàn wọ̀nyí bá, bílíọ̀nù 27 dọ́là lọ́dọọdún sì ni ìtọ́jú wọn máa jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ mọ ẹni tó ń san án. Orí WhatsApp ẹbí ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó fún Bàbá, wọ́n ti dá wọn dúró sí ọsibítù." Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí.

Ibi tẹ́ ẹ ti mú mi ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀kadà lọ́tùn-ún, gọ́tà lósì, ẹlẹ́sẹ̀ ò níbi tó máa gbà. Mi ò bá yín jiyàn.

Àbúrò mi obìnrin ló wá ọgbọ́n dá. Ta ló máa fi ẹni tó ń lọ sí asalátù ṣe yẹ̀yẹ́? Ó bá àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń ṣe asalátù sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti ń jọ rìn báyìí, tí wọ́n bá ti kírun Súbúì tán, kí oòrùn tó mú. Ìyá mi ò sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àdúrà làwọn ń bá kiri. Mo ní kò burú.

Ẹ jẹ́ n mu omi. Ará Ọ̀fà kan fi ohùn ránṣẹ́ pé kò sírú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.