Kí ẹ tó pín ogún, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó jẹ́ ti olóògbé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa sọ ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Àkúrẹ́ nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá kú nílẹ̀ yìí, ohun tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi ààfáà ni pé, "Mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?" Ìṣirò yẹn ò le. Ọlọ́hun ti ṣe é tán nínú Kùránì, Súrà An-Nisa, áyà (ẹsẹ) 11, 12 àti 176. Èyí tó ṣíwájú ìṣirò ló le, ibẹ̀ gan-an ni ìjà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ṣé ti olóògbé tilẹ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́ pín yìí?

Ẹ mú oko kòkó. Bàbá kan ti ń dáko lápá Ìdànrè láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó kú, àwọn ọmọ gbé okùn, wọ́n fẹ́ lọ wọn ilẹ̀. Ẹ rọra. Tó bá jẹ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni bàbá ń san, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, igi kòkó nìkan ni tiyín. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, bàbá lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ni ín, kò sì lè di ogún àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan. Bó bá sì ti fi oko náà dógò kó lè san owó ilé ìwé yín, gbèsè ń bẹ lórí rẹ̀ nìyẹn.

Ilé ńkọ́? Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba kó àjọ, ó fi owó náà kan páànù ilé ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ̀bùn ni, àbí ẹ̀yáwó, àbí àwọn méjèèjì ló jọ ni ilé? Bí wọ́n bá jọ ni ín, ìpín tirẹ̀ ò wọ inú ogún rárá. Á kọ́kọ́ mú un, kó tó wá gba ti opó. Bí ẹ̀yáwó bá ni, ẹ san án fún un. Bí ẹ̀bùn bá ni, ó ti lọ. Ta ni yóò jẹ́rìí? Mo ti jókòó nínú ilé kan tí ìyá ti ń sunkún pé òun lòun ra gbogbo sìmẹ́ǹtì ilé náà, tí àwọn ọmọ orogún ń wo ògiri. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, èmi náà ò sì rí nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń bá ara yín rẹ́rìn-ín.

Nínú ohun tó bá jẹ́ ti olóògbé, owó ìsìnkú ló kọ́kọ́ máa jáde. Ìsìnkú ni mo wí o, n kò wí ìnáwó. Aṣọ funfun, ilẹ̀ sàárè, owó ẹni tó gbẹ́ ẹ. Màálù fìdáù ọjọ́ kẹjọ, kánópì àti ìrẹsì kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa màálù, kó fi owó ara rẹ̀ pa á. Ọmọ kékeré wà lára àwọn ajogún lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì mọ bó ṣe lè ní òun ò fẹ́. Áyà 10, èyí tó ṣíwájú áyà ogún, sọ pé iná lẹni tó ń jẹ owó ọmọ òrukàn lọ́nà àbòsí ń jẹ sínú ikùn.

Gbèsè ló tẹ̀ lé e: ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti àjọ tó ti kó ṣùgbọ́n tí kò tíì dá tán, sọ̀dáákì, ìyẹn owó ìyàwó, tó ṣèlérí tí kò san. Nínú áyà ogún, wàsíyà, ìyẹn ohun tí olóògbé ti ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú òun, ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n gbèsè ni Ànábì kọ́kọ́ máa ń mú kí wọ́n san.

Wàsíyà wá kàn. Saad ọmọ Abi Waqqas ṣàìsàn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì ní nígbà náà. Ó bi Ànábì bóyá kí òun fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun ìní òun ṣe sàráà. Rárá. Ìdajì ńkọ́? Rárá. Ìdá kan nínú mẹ́ta ńkọ́? Ànábì gbà á, ó ní ìyẹn náà tilẹ̀ pọ̀, pé kéèyàn fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọrọ̀ sàn ju kó fi wọ́n sílẹ̀ nínú òṣì, kí wọ́n máa na ọwọ́ sí aráyé. Ẹni tó bá ti ní ìpín nínú ogún kò gbọdọ̀ tún jẹ nínú wàsíyà, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i. Bàbá tó kọ ọ́ pé kí Dáódù gba ilé lé ìpín rẹ̀ lórí kàn ń da ẹbí rú ni.

Ta wá ni wàsíyà wà fún? Ibí lọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó gan-an. Nílùú wa, bàbá lè jẹ́ Mùsùlùmí, kí ìyàwó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kí ọmọ kejì jẹ́ pásítọ̀. A jọ ń jẹ ẹran iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Síbẹ̀, hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) tí Usama ọmọ Zayd gbà wá sọ pé Mùsùlùmí kì í jogún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, onítọ̀hún náà kì í sì í jogún Mùsùlùmí. Ìyàwó tó ti bá yín gbé ọgbọ̀n ọdún, tó ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní ìpín opó. Gbogbo mọ́sálásí máa ń dákẹ́ bí mo bá débí yìí. Àmọ́ bí kò ti sí lára àwọn ajogún yìí, kò sóhun tó ní kó má jẹ nínú wàsíyà. Ẹ lè fún un nínú ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn, ẹ sì lè fún un lẹ́bùn nígbà tí ara yín le. Ẹni tí ilé rẹ̀ rí báyìí tí kò kọ nǹkan kan, èmi ò mọ ohun tó ń dúró dè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ-ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ṣáájú bàbá àgbà. Bí ọmọkùnrin olóògbé kan bá wà láàyè, ọmọ-ọmọ ò ní ìpín. Íjíbítì sọ wàsíyà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di dandan nínú òfin wọn ní 1946. Níbí, ọwọ́ bàbá àgbà ló wà.

Ó wá ku ìpín. Ká ní àpò kòkó 48 ló ṣẹ́ kù. Ìyàwó méjì ni olóògbé ní. Ìyáálé bí obìnrin kan, ìyàwó kejì bí ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣaláìsí. Nítorí pé ó bímọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tàwọn ìyàwó: àpò 6, mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ku 42. Ìpín obìnrin méjì ni ọkùnrin kan ń gbà, torí náà 12 ni ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, 6 ni obìnrin kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá lo ìdí-igi, àṣà Yorùbá tó ń pín ogún dọ́gba sí iye ìyàwó tó bímọ, àpò 24 ni ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìyáálé á dá 24 gbé, ọmọ mẹ́rin yòókù á gba mẹ́fà-mẹ́fà, ìyá méjèèjì á wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Kóòtù mọ ìdí-igi yìí dáadáa. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó wáyé lórí ogún olóògbé kan ní Èkó, tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ojorí, ìyẹn kí wọ́n pín in dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ wa nígbà náà yí i padà ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà yẹn, sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962.

Ọmọ ìyáálé wa pàdánù àpò 18 lọ́dọ̀ Ìsìláàmù, n kò ní fi yẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ opó wà lára ohun tó mú áyà ogún wá. Wọ́n pa Saad ọmọ Rabi lójú ogun Uhud, àbúrò rẹ̀ sì kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ. Opó rẹ̀ mú ọmọbìnrin méjì lọ́wọ́ wá bá Ànábì. Nígbà tí áyà náà sọ̀ kalẹ̀, Ànábì ní kí àbúrò olóògbé fún àwọn ọmọ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kó fún ìyá wọn ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí òun mú ohun tó bá kù.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní kóòtù Ṣàríà ti ìjọba. Ìwé òfin 1999 fi í sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́. Nítorí náà, ìfẹ́ ẹbí ni ìpín tí ààfáà bá ṣe dúró lé. Bí ẹnì kan bá kọ̀, tó gba kóòtù lọ, ìdí-igi lè borí. Ẹ wá lọ́yà, kó bá yín kọ ìwé ìhágún tó sọ gbangba pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi pín ogún yín. Kí ẹlẹ́rìí méjì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà fọwọ́ sí i, kí ẹnì kankan nínú wọn má sì jẹ́ ẹni tí ẹ pín nǹkan fún, torí ohun tí ẹ fún un lè ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú hádíìsì Ibn Umar, kò yẹ kí Mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ ṣe wàsíyà lé lórí sun oorun alẹ́ méjì láìkọ ọ́.

Àlájà kan béèrè nípa ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sí. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọ́n ti gbéyàwó. Mo bi í pé ta ló ń gba owó rẹ́ǹtì. Ó ní ọkọ òun ni. Mo ní ẹ̀bùn tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fún ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ọkọ yín bá kú lónìí, Àlájà, ogún ni ilé yẹn, ẹ ní ìpín níbẹ̀. Ó ní kí n wá tún un sọ létí ọkọ òun. Mo ní ká jọ lọ bá a lẹ́yìn ìrun.