Alátùn-ún-ṣe Ọ̀nà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Kíkà wa ti òwúrọ̀ yìí wà nínú ìwé Aísáyà, orí 58, ẹsẹ 12. Olúwa ṣèlérí níbẹ̀ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò tún ahoro àtijọ́ kọ́, a ó sì máa pe wọ́n ní alátùn-ún-ṣe, ẹni tí ń mú ipa ọ̀nà padà bọ̀ sípò.

Abúlé kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edale lorúkọ rẹ̀, láàárín Manchester àti Sheffield. Láti ọdún 1894 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ìlú méjèèjì yìí lè wọ rélùwéè láàárọ̀, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí oòrùn tó ga. Abúlé yìí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀. Máìlì 268 ni gígùn rẹ̀, orí òkè àti inú pápá ló gbà títí tó fi dé Kirk Yetholm ní Scotland. Ẹsẹ̀ òkè ni rélùwéè ń gbé èèyàn dé. Ibi tó kù di ti ẹsẹ̀ ẹni àti ti Olúwa tí ń fún ẹsẹ̀ lágbára.

Kò pẹ́ sígbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àkàsọ̀ Jákọ́bù. Kì í ṣe Jákọ́bù ọmọ Ísáákì o. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Marshall ló gbé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ara òkè náà kí òun lè máa gba ibẹ̀ gòkè tààrà, nígbà tí ẹṣin tó rẹrù bá ń gba ọ̀nà tó yí ká. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń rò. Ẹ wo iye ẹsẹ̀ tó ti gba ibẹ̀ kọjá!

Ṣùgbọ́n òkúta tó wà níwájú ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Bí èèyàn bá kọjá òkè Kinder Scout, tó ga ní mítà 636, ilẹ̀ tó wà níwájú di dúdú, ó rọ̀, ó sì mu omi yó. Ewéko tó ti ń jẹrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Bí èrò ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó di ẹrọ̀fọ̀ tó lè mu èèyàn dé orúnkún. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ tú òkúta pẹlẹbẹ inú àwọn ilé iṣẹ́ òwú tó ti di àlàpà, wọ́n fi hẹlikópítà gbé e gòkè, wọ́n sì tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ẹrọ̀fọ̀ náà. Títí dòní, ihò roboto tí wọ́n fi de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ ṣì wà lára àwọn kan nínú wọn. Òjò ń rọ̀ sínú ihò náà, èèyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láìrì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni èyí tó pọ̀ jù nínú òwú tí wọ́n ń ran ní Lancashire, agbègbè Manchester, ti ń wá. Aṣọ Manchester yìí kan náà ni àwọn ìyá ńlá wa ń rà ní Èkó. N kò ní sọ pé omijé àwọn ẹrú wọ̀nyẹn ti tán nílẹ̀ nítorí pé òkúta di ọ̀nà. Ọlọ́run tó gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì gbọ́ tiwọn náà. Ohun tí mò ń wí ni pé kò sí àlàpà tó burú tó bẹ́ẹ̀ tí Olúwa kò lè rí òkúta ọ̀nà fà yọ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ará iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, nǹkan bí 400 èèyàn, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, gun Kinder láìgba àṣẹ, torí àwọn onílẹ̀ ti fi òkè náà pamọ́ fún ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin kan náà, ní 1965, ni wọ́n ṣí Pennine Way fún gbogbo ayé.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ti fi ojú rẹ rí màbo, ta lo mọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ̀rù ń bà láti ṣí lẹ́tà? Pè é lónìí. Ìwọ tí òwò rẹ ti wó rí, jókòó ti ọmọdé tó fẹ́ yá owó èlé. Bí ihò ṣe hàn lára òkúta wọ̀nyẹn, má fi àpá tìrẹ pamọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún gbogbo ẹni tó la ọ̀nà tí àwa ń rìn, pàápàá àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. San án fún ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn.

Olúwa, gbogbo ẹni tó jí sínú ẹrọ̀fọ̀ gbèsè, àìsàn tàbí ìbànújẹ́ láàárọ̀ yìí, tẹ́ òkúta síwájú ẹsẹ̀ wọn. Bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n máa rí lónìí, jẹ́ kó gbà wọ́n dúró.

Ohun tó wó ní ayé wa, Ọba Alátùn-ún-ṣe, tú u, gbé e, kí o sì tẹ́ ẹ síbi tí yóò ti wúlò fún ẹlòmíràn. Fún wa ní oókan àyà tó gbà kí wọ́n tẹ òun kọjá síbi ire. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.