Olórí-Dúdú: Ẹyẹ Gíráàmù 12 Tó Ń Sọdá Òkun

Ẹ mú bébà A4 méjì, ẹ fi ààbọ̀ kan kún un, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ẹyẹ yìí ṣe wúwo mọ nìyẹn. Blackpoll warbler lorúkọ rẹ̀. Èmi á máa pè é ní olórí-dúdú, torí akọ rẹ̀ dà bí ẹni tó dé fìlà dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn.

Igbó Kánádà àti Alaska ló ti ń pamọ. Ohùn rẹ̀, sit-sit-sit, tín-ín-rín débi pé ọmọ á ní òun ń gbọ́ ẹyẹ, bàbá àgbà á ní irọ́ ni.

Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, fìlà dúdú ti lọ. Iṣẹ́ tó kù kò ju jíjẹ kòkòrò lọ. Á jẹ, á jẹ, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fi ẹnu fẹ́ ìyẹ́ àyà rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ ó rí ọ̀rá pípọ́n lábẹ́ awọ. Epo ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá di etíkun. Alẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ṣe é lóore, ó gbéra, ó kọjú sí agbami Àtìláńtíìkì. Kò lè bà sórí omi, igi kankan kò sì sí níbẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló fi ń fò láìsimi.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí èyí. Ta ló fẹ́ tẹ̀ lé e dé àárín òkun? Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó wúwo tó ìdajì gíráàmù kọ́ ẹ̀yìn àwọn kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà àti Nova Scotia ní Kánádà, bí ọmọ iléèwé ṣe ń gbé báàgì. Ẹ̀rọ náà ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tó ṣú, èyí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹyẹ wà. Àmọ́ kì í ránṣẹ́ o! Àfi kí ẹyẹ lọ kó bọ̀, kí wọ́n tún mú un nínú igbó kan náà. Márùn-ún péré ni wọ́n rí gbà padà. Ní 2015, èsì jáde: ojú òkun ni wọ́n gbà lóòótọ́, kìlómítà 2,270 sí 2,770, kí wọ́n tó bà ní Puerto Rico àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó di Gúúsù Amẹ́ríkà.

Tí wọ́n bá ń padà, wọn kì í dán irú rẹ̀ wò. Kúbà àti Florida ni wọ́n ń gbà, wọ́n á máa jẹun bọ̀ díẹ̀díẹ̀, akọ á sì ti dé fìlà rẹ̀ padà.