Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Kọ Sórí Káàdì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà pẹ̀lú wa níbí, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà. Èmi nìkan ni mo jókòó ti makirofóònù lálẹ́ òní. Àwọn ọmọ ti sùn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì fẹ́ kó di ọ̀la kí n tó sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé-Ifẹ̀ ló wà, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló ń kà. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ mà. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè àti àìsàn ọmọdé lẹ ń ṣe nílùú òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ń rí jẹ nídìí ẹ̀? Dádì mi ní kí n fi sílẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ èsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohùn ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lẹ́yìn ìyá wa, èmi ni mo di káàdì ọsibítù mú. Ìyá wa ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì. Ó ní ara ti ń ro ọmọ náà láti òru àná, pé orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń ro ó díẹ̀díẹ̀, nígbà tó di ìdájí ó wá ń gún un, pé bí èèyàn bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ṣe ló máa ń ta á bí ìgbà tí ata bá kan egbò, pé kí nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó ti pọ́n rúsúrúsú. Ó ṣàlàyé títí. Àbúrò mi gbórí sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Egungun mi ń sunkún." Nọ́ọ̀sì kọ̀wé. Nígbà tó dá káàdì padà fún mi, mo kà á, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà dáadáa, gbogbo nǹkan ni mo ń kà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: *body pains*.

Oògùn ibà ni wọ́n fún wa. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, kí wọ́n tó sọ pé SS ni, ìyẹn sickle cell, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Mi ò bínú sí nọ́ọ̀sì yẹn. Èrò tó wà lẹ́yìn wa pọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àlàfo tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un lórí káàdì kò ju àtàǹpàkò lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí, inú àlàfo yẹn ni mo ṣì wà. Àwọn òyìnbó ń pè é ní *applied linguistics*, ìyẹn ni kí èèyàn mú ìmọ̀ èdè kúrò nínú ìwé, kó fi wo ohun tí èdè ń ṣe níbi tí ayé ti le.

Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe ń sọ ìrora. Orí a máa fọ́ni. Inú a máa runni. Ara a máa roni. Egbò a máa tani. Ẹ̀gbẹ́ a máa gúnni. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a mu. Bí a bá sì wo gbólóhùn náà, ẹ̀yà ara ni olùwà, ìyẹn olùṣe, aláìsàn ni àbọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ohun tó ń ṣeni ni, kì í ṣe ohun tí a ní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?"

Lọ́dún 1975, Ronald Melzack, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá ní Fásitì McGill ní Kánádà, gbé ìwé ìbéèrè kan jáde. Ọ̀rọ̀ ìrora 78 ló wà nínú rẹ̀, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ 20, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ yàn lè jẹ́ kí dókítà mọ irú ìrora tó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìrora lára bí àwọ̀ aṣọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti túmọ̀ wọn sí Yorùbá fún àwọn ìyá, mo ṣẹ̀dá oríṣiríṣi "agúnni" àti "atani". Ìyá kan ní Peckham nílùú London ka ìwé náà, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí." Òótọ́ ló sọ. Mo ya ìwé náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òdiwọ̀n òdo sí mẹ́wàá tí wọ́n fi ń wọn ìrora ní ọsibítù. Mo ti jókòó ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìrora, tí wọ́n bi í pé mélòó ni, tó ní mẹ́rin. Nígbà tí dókítà jáde, mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ mẹ́rin. Ó ní, "Ṣé kí n wá fẹnu ara mi sọ pé ọmọ mi ti dé mẹ́wàá? Kí ló tún kù lẹ́yìn mẹ́wàá?" Dókítà ò gbọ́ ìyẹn. Mẹ́rin ló kọ sílẹ̀, oògùn tó bá mẹ́rin mu ló sì fún un. Ní November 2021, àwọn aṣòfin kan níbí gbé ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ní sickle cell. Bí a bá sọ àkọlé rẹ̀ ní Yorùbá, "Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbọ́" ni. Ara ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í gba ìrora àwọn aláìsàn wọ̀nyí gbọ́. Mo ka ìròyìn yẹn tán lóru kan, mi ò lè sùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àìsàn náà tún wà níbẹ̀. Ìwé ìṣègùn òyìnbó sọ pé ọdún 1910 ni James Herrick ní Chicago ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada, Walter Clement Noel, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ṣùgbọ́n dókítà ọmọ Gánà kan, Felix Konotey-Ahulu, tọpa àìsàn náà nínú ìdílé tirẹ̀ padà sí ọdún 1670, ó sì kó orúkọ tí àwọn èèyàn agbègbè wa ti fún un jọ. Àwọn Ga ń pè é ní *chwechweechwe*. Àwọn Fante ń pè é ní *nwiiwii*. Ẹ pè é kí ẹ gbọ́. Ohùn ìrora náà fúnra rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe ń jẹ egungun láìdáwọ́ dúró. Àwọn tó fi orúkọ yẹn sọ ọ́ ti tẹ́tí sí ọmọ.

Àwa ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo mọ ẹwà tó wà nínú orúkọ yẹn. Àmọ́ àbúrò mi sọ fún mi nígbà tó dàgbà pé ikú ni òun máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá pè é. Àromọléegun náà wà, ìyẹn sì sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń pe làkúrègbé àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó sì gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àbíkú ayé àtijọ́, sickle cell ni, wọ́n á parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, àwọn òbí tó sọ ọmọ lórúkọ báyìí, ibà lè ti pa ọmọ wọn, ìgbẹ́ gbuuru lè ti pa á, sickle cell náà lè wà lára rẹ̀. Kí a má fi ìdáhùn kan ṣoṣo bo ẹkún gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Wàyí o, àṣìṣe tèmi. Ní England níbí, wọ́n máa ń gún ọmọ tuntun ní gìgísẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti fi wá àwọn àìsàn kan, sickle cell wà lára wọn. Bí ọmọ bá jẹ́ AS, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ló ti jogún S, àìsàn náà ò sì sí lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò ni *carrier*. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé kan fún àwọn òbí. Mo kọ "ẹni tó gbé àrùn náà". Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, mo pàdé ìyá kan tó ti ya bẹ́ẹ̀dì ọmọ tuntun rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó má baà ràn án. Ara ọmọ náà le koko. Ọ̀rọ̀ mi ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ìyá náà, mo sì kọ̀wé sí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún mi pé kí wọ́n kó o nílẹ̀.

Ó ń dùn mí, torí pé àwọn àgbà wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Lọ́dún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olótùú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bí olùwà, àbọ̀ àti fóníìmù ti gbẹsẹ̀ múlẹ̀. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Èmi ń fẹ́ irú rẹ̀ fún yàrá àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn, kí àwọn ìyá sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ẹ̀wà ni mo fi ń ṣàlàyé báyìí bí ọmọ ṣe ń jogún àìsàn náà. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, dókítà á ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó jẹ́ SS. Ìyá kan ti bí SS kan, ó wá dá a lójú pé mẹ́ta tó kù á mọ́. Mo da ẹ̀wà sílẹ̀ lórí tábìlì, funfun dúró fún A, pupa dúró fún S. Funfun kan, pupa kan sí ọwọ́ mi ọ̀tún, ti ìyá nìyẹn. Funfun kan, pupa kan sí ọwọ́ òsì, ti bàbá. Mo ní kó dijú, kó mú ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Pupa méjì. Mo dá a padà, mo ní kó tún mú. Pupa méjì. Ó la ojú, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ ẹ́n, wọ́n máa ń dá a padà?" Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣirò yẹn tó tó ìbéèrè rẹ̀ yẹn.

Ó yá, ọmọ mi ní Ilé-Ifẹ̀, ṣé wọ́n ń rí jẹ nídìí ẹ̀? Wọ́n ń rí jẹ, kò sì yó ni. Lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe kọ́ńtíráàtì mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn kò pé ọdún. Físà mi so mọ́ ọn. Ẹ̀ka ẹ̀dá-èdè á ní ìṣègùn lo ń ṣe, àwọn oníṣègùn á ní èdè lo ń ṣe. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n pè mí sí nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ránṣẹ́. Wọ́n ti kọ gbogbo ìbéèrè tán ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí n kàn yí i padà. Mo rí i pé "a ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín" á dẹ́rù ba ìyá èyíkéyìí tó gbọ́ ọ, mo bá wọn tún un kọ, mo lọ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí àpilẹ̀kọ náà jáde, ìlà ìdúpẹ́ tó gbẹ̀yìn ni orúkọ mi wà. Nítorí náà, kó o tó gba iṣẹ́, béèrè ibi tí orúkọ rẹ máa wà, kó o sì gbà á lórí ìwé. Kọ́ ìṣirò dáadáa, torí ẹni tí kò bá lè ka tábìlì ìṣirò wọn, wọn ò ní jẹ́ kó bá wọn jiyàn. Lọ jókòó sí kílíníìkì fún oṣù kan, má béèrè nǹkan kan, ṣáà máa gbọ́.

Ohun tí Dádì rẹ sọ kì í sì í ṣe ọ̀tá ohun tó o fẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Elizabeth Anionwu, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1979, ní Brent nílùú London níbí, òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gba iṣẹ́ amọ̀ràn sickle cell ní ilẹ̀ yìí, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bíbá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Bó o bá di nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè, ìwọ ni káàdì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ń kó ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora jọ báyìí. Mo ka àwọn tí mo ti rí fún àbúrò mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti ní ọmọ tirẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń dáhùn, "Ẹ ẹ́n. Ẹ ẹ́n." Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Ọ̀kan ò sí níbẹ̀. Kó tó dé, egungun máa ń kọ́kọ́ dákẹ́." Mo ní dákẹ́ báwo? Ó ní, "Bí ilé tí gbogbo èèyàn ti jáde. Mi ò sọ ọ́ rí, torí kò sí dókítà tó bi mí ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kó tó dùn mí." Mo ní kó dúró, kí n wá bírò.