Shtrafbat: Ta Ló Yẹ Kó Mú Pàṣán Lọ́wọ́?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀... Ó tì o, orí fóònù náà lẹ ti ń wò mí. Ẹ mú un dání.

Eré kan nípa Ogun Àgbáyé Kejì la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. "Shtrafbat" lorúkọ ẹ̀. Alápá 11 ni, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Rossiya ló gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọdún 2004. Nikolai Dostal ló darí ẹ̀, Eduard Volodarsky ló kọ ìtàn ẹ̀. "Shtraf" ni ìtanràn lédè Rọ́ṣíà, "bat" sì ni bàtálíọ̀nù tí wọ́n gé kúrú. Bàtálíọ̀nù ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀. N ò ní ṣàlàyé ẹni tí Stalin jẹ́ fún yín, ẹ̀yin náà kúkú lọ sílé ìwé.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn, kò ṣeé gbàgbé. Tverdokhlebov, ọ́físà Rọ́ṣíà kan, èyí tí Aleksei Serebryakov ṣe, kó sọ́wọ́ Jámánì. Wọ́n ní kó wá máa bá àwọn jà, ó lóun ò ṣe. Wọ́n yìnbọn fún un. Àfi bí ẹni tí wọ́n ti da erùpẹ̀ bò ṣe hú ara ẹ̀ jáde nínú sàréè! Ó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀. Dípò kí wọ́n dì mọ́ ọn, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Àwọn NKVD, ìyẹn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ wọn, fi ìbéèrè pá a lórí, ìgbà tó yá ni wọ́n ní kó lọ máa ṣe olórí bàtálíọ̀nù kan. Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Olè, apànìyàn, ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú. Glymov, ọ̀gá àwọn olè, di olórí kọ́ńpìnì, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà tó kéré ju bàtálíọ̀nù lọ. Yuri Stepanov ló ṣe Glymov, ọkùnrin yẹn mọ eré ṣe jàre. Ẹni tí kì í pariwo, tí gbogbo èèyàn sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ó yá, ẹ dúró ńbẹ̀! Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣìnà nìyẹn. Èmi náà ṣìnà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó. Mo tiẹ̀ bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi ni mo jẹ̀bi.

Ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1942 ni Stalin fọwọ́ sí àṣẹ tó ní nọ́ńbà 227. Ìlú Rostov ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, Novocherkassk ti bọ́, Jámánì ń wọ́ bọ̀ lápá odò Volga. Àṣẹ yẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí "Ẹ ò gbọdọ̀ rẹ̀yìn kódà ìṣísẹ̀ kan." Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì pín in sí. Ọ̀NÀ MÉJÌ o!

Bàtálíọ̀nù, tó jẹ́ ẹni 800, ti àwọn ọ́físà ni. Ọ́físà tó ṣẹ̀, tí wọ́n já oyè ẹ̀, tí wọ́n gba mẹ́dàlì ẹ̀, tó di sójà lásán. Kọ́ńpìnì, tó jẹ́ ẹni 150 sí 200, ti àwọn sójà lásán ni, àwọn sájẹ́ǹtì àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn. Tí wọ́n bá rí olè kan tí wọ́n mú láti àgọ́ ẹ̀wọ̀n wá sójú ogun, tó sì bọ́ sínú ẹgbẹ́ ìjìyà, inú kọ́ńpìnì lẹ máa bá a. Glymov nínú bàtálíọ̀nù? Rárá. Mo tún un sọ: BÀTÁLÍỌ̀NÙ TI Ọ́FÍSÀ, KỌ́ŃPÌNÌ TI SÓJÀ LÁSÁN. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní òdì sísàlẹ̀ fídíò yìí lẹ́yìn gbogbo ariwo tí mo pa, èmi àti ẹ̀ la jọ máa jìyà.

Ìyẹn gan-an ò tíì dùn mí tó èkejì. Ta ló ń pàṣẹ fún wọn?

Ẹ rántí pọ́ṣọ̀n. Ẹ má díbọ́n, gbogbo wa la gé koríko. Wọ́n á ní kó o kúnlẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n ilẹ̀ tìẹ, wọ́n á ní "láti ibi igi yìí dé ibi òkúta yẹn." Nílé ìwé tí mo lọ, tíṣà kan wà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, tó bá fi wọ̀n ọ́n fún ẹ, o ti gbé. Ó dáa. Ta ló máa ń mú pàṣán lọ́wọ́ níbi pọ́ṣọ̀n? Ṣé ọmọ tó ń jìyà ni? Ṣé ẹ ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń na ẹlẹ́ṣẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ rí? Tíṣà ni, tàbí ọmọ tí ò ṣẹ̀ tí tíṣà fà kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Rọ́ṣíà. Olórí bàtálíọ̀nù, àwọn olórí kọ́ńpìnì àti olórí platoon (èyí tó tún kéré ju kọ́ńpìnì lọ) inú ẹ̀, ọ́físà gidi ni wọ́n, wọn ò ṣẹ̀, wọ́n yàn wọ́n síbẹ̀ ni. Tverdokhlebov tí wọ́n fura sí, kò lè jẹ́ olórí. Pàṣán ni eré yẹn gbé fún ọmọ tó ń gé koríko!

Ẹ gbọ́, n ò ní kẹ́ ẹ má wò ó o. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òótọ́ ibẹ̀ gan-an gún èèyàn lọ́kàn ju eré lọ. Alexander Pyltsyn, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n fi ṣe olórí platoon nínú bàtálíọ̀nù kẹjọ tó jẹ́ irú èyí. Ọmọ ogún ọdún! Àwọn tó sì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹlòmíì ti ṣe kọ́nẹ́lì rí, ẹlòmíì ti tó bàbá ẹ̀. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà tó ti ń pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó wá ń dúró gbọnrangandan níwájú ọmọdé. Kí ló dé tí wọn ò fi ya ìyẹn? Nígbà tí Pyltsyn darúgbó, ó bínú sí eré yìí gan-an, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn kí sójà má bàa sá padà ńkọ́? Wọ́n wà lóòótọ́. Àṣẹ 227 ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún irú wọn, ẹni tó lè tó 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀yìn ìpín ọmọ ogun èyíkéyìí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n ni wọ́n ní kí wọ́n dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944, Stalin ní kí wọ́n tú wọn ká. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Wọn ò rán ẹnikẹ́ni sínú ẹgbẹ́ ìjìyà títí ayé. Oṣù kan sí mẹ́ta ni. Láàárín 1942 sí 1945, àkọsílẹ̀ wọn ní ẹni 427,910 ló kọjá nínú ẹgbẹ́ ìjìyà wọ̀nyí. Ibi tí ogun ti le jù ni wọ́n ń jù wọ́n sí, kí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ wẹ ẹ̀ṣẹ̀ wọn nù. Kì í ṣe àfiwé lásán o, ẹ̀jẹ̀ gidi. Tí ọta bá bà ẹ́, tí wọ́n gbé ẹ lọ sí ọsibítù, ìyà ẹ parí.

Èyí ló jẹ́ kí n rántí ìka mi yìí, ṣé ẹ rí àpá ẹ̀? Kọ́tíláàsì ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe yọ báyìí, tíṣà ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke ní kí n máa lọ sílé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Kọ́nẹ́lì tó bá gba ọta lápá, wọ́n á dá oyè ẹ̀ àti mẹ́dàlì ẹ̀ padà. Èyí tí ọta bá pa ńkọ́? Òfin wọn ní kí wọ́n máa san owó fún ìdílé ẹ̀. Owó oṣù tó ń gbà kó tó di sójà lásán ni wọ́n sì máa fi ṣírò ẹ̀.