Ta ló lè pàṣẹ fún ìjọba? Láti Kétu dé Àbújá

Ẹ wo ilẹ̀kùn yìí. Akaba Ìdènà ni, ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá ń bọ̀ wá sílùú, ibí ni yóò dúró sí kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Àṣẹ Alákétu kò sì mọ sínú odi yìí nìkan, ó dé Ìmẹ̀kọ. Dahomey fọ́ ìlú náà ní 1886. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ, ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, ìlà tí wọ́n fà sì la ilẹ̀ Alákétu sí méjì: Kétu bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà. Ìyàwó wà ní Kétu níbí, ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìmẹ̀kọ lọ́hùn-ún.

Òfin tó ń fo irú ìlà yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ju ìjọba lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Ká ní àwọn márùn-ún fẹ́ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ ra ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá ti pé márùn-ún, iye wọn tó. Ta ló ní márùn-ún tó? Kì í ṣe àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́ o. OHADA ni, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè 17 tó fẹ́ kí òfin òwò wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ìpàdé wọn ní Lomé ló gba òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọlé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2010, òfin náà sì ń ṣiṣẹ́ ní Kétu láìjẹ́ pé a tún dìbò lé e lórí. Bí ẹjọ́ bá dé lórí irú òfin bẹ́ẹ̀, tí ó gòkè títí, kóòtù OHADA ní Àbíjáànì ló máa parí sí. Nàìjíríà kò sí nínú OHADA. Ìyá tó ń yan gàrí tirẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, òfin mìíràn ló máa tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ń bó.

Ibo ni OHADA ti rí agbára yẹn? Ọ̀dọ̀ wa náà ni. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti oṣù kejìlá 1990, ní abala 147, sọ pé àdéhùn tí a bá ti fọwọ́ sí, tí a sì ti tẹ̀ jáde, ga ju òfin ilé lọ. Ó fi gbólóhùn kan kún un tí mo fẹ́ràn gan-an, torí ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyálọ́jà: kí ẹnìkejì náà máa mú tirẹ̀ ṣẹ.

Ẹnìkejì a sì máa yẹ̀ ẹ́. Láti 1979 ni àwọn ìjọba CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ECOWAS ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó lò tó ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i ní oṣù kejìlá 2020, ibodè mẹ́rin péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sèmè wà níbẹ̀. Ìlárá, tí àwa ará Kétu ń gbà lọ sí Ìmẹ̀kọ, kò sí níbẹ̀.

Ìjọba tiwa náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ní 2016, Bẹ̀nẹ̀ gbà pé aráàlú lè gbé ìjọba lọ sí kóòtù Áfíríkà tó wà ní Arusha, ní Tanzania, lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní oṣù kẹta 2020, ó kọ̀wé pé òun ti gba ọ̀rọ̀ òun padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, kóòtù náà ní kí a dá ìdìbò ìbílẹ̀ dúró ná. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, a dìbò. Láti oṣù kẹta 2021, ẹnu ọ̀nà Arusha ti tì mọ́ aráàlú tó bá fẹ́ dá gbé ẹjọ́ tuntun lọ. Lójú tèmi, òfin irú àwọn àjọ yìí ń rìn geerege níbi tí owó bá wà. Ibi tó bá ti kan àga aláṣẹ ló ti ń kọsẹ̀.

Ọ̀nà Àbújá ṣì ṣí. Láti 2005 ni kóòtù CEDEAO tó wà níbẹ̀ ti ń gba ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò pọn dandan kí o kọ́kọ́ ja gbogbo kóòtù ilé tán. Ohun méjì ni kí o ṣọ́ra fún: o kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ pamọ́, ẹjọ́ kan náà kò sì gbọdọ̀ wà níwájú kóòtù àgbáyé mìíràn.

Kóòtù yẹn kò ní ọlọ́pàá. Bó bá dá ọ láre, orílẹ̀-èdè tó dá lẹ́bi náà ló máa yan ẹni tí yóò gba ìwé ìdájọ́ náà láti mú un ṣẹ.