Ta Là Ń Pè Ní Afínjú?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi nílé àti lẹ́yìn odi. Láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: afínjú. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́. Bí ènìyàn bá múra báyìí, owó ni wọ́n máa ń rí lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, owó kọ́ ni àwọn àgbà ń wò. Ẹni tí kò ní ju ìró méjì lọ, tó ń fọ̀ wọ́n, tó ń ká wọ́n jẹ́jẹ́ sínú àpótí, tí àmù rẹ̀ kì í wà láìní ìdérí, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ kí àlejò tó dé: afínjú nìyẹn. Olówó tí ilé rẹ̀ rí wúruwùru, ọ̀bùn ni, ìbáà wọ léèsì.

Wọ́n ní afínjú wọjà ó rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọjà ó rìn pàsìpàsì, ọ̀bùn pàsìpàsì ni yóò ru ẹrù afínjú wọlé. Ìparí rẹ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òógùn ló wà lára alábàárù, kì í ṣe ọ̀bùn. Mo mọ èyí tó máa ń wẹ̀, tó ń pààrọ̀ aṣọ kó tó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ òrìṣà Ọ̀ṣun ni mo ti rí i kedere pé ìtọ́jú ló ń sọni di afínjú, kì í ṣe owó. Ọ̀pọ̀ yín ti dé igbó rẹ̀ l'Óṣogbo, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Nínú oríkì rẹ̀, òun ni a-wẹ-idẹ-kí-ó-tó-wẹ-ọmọ. Bí a bá pa idẹ tì, á ṣú. Àfi kí á tún mú ọsàn wẹ́wẹ́, kí á tún fi bó o, lónìí, lọ́la, kó tó lè máa dán. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, wọ́n gbé Ọ̀ṣun dání. Oxum ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, abebê ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Wúrà ni wọ́n sábà máa ń fi mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ ọ̀dọ̀ idẹ ni ọkàn mi wà, torí wúrà lè dán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe làálàá lé e lórí.

Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi: ta ni wọ́n ń pè ní afínjú ládùúgbò tí wọ́n ti tọ́ yín? Kí ló máa ń ṣe?